Ọdún Tí N Kò Ṣọ́ Báàgì

Síìpù síkẹ́ẹ̀tì kan ni mo ń rán lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Iyaro, ní Benin. Mo ti fi píìnì mú ẹ̀gbẹ́ kan dúró, mo ń tẹ ẹ̀rọ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí eyín síìpù má baà ṣẹ́ abẹ́rẹ́, nígbà tí ọkọ mi kékeré wọlé. Ó gbé bàtà gíga rẹ̀ lọ́wọ́, ó fi sálúbàtà sẹ́sẹ̀, ó sì jókòó sórí àpótí tí àwọn oníbàárà mi máa ń jókòó sí.

"Ìyàwó wa," ó ní, "ẹ máa bá mi rìn lọ́dún yìí."

N kò gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Mo rò pé ọjà ló fẹ́ kí a jọ lọ.

Àbúrò ọkọ mi obìnrin ni mò ń pè ní ọkọ mi kékeré. Nígbà tí wọ́n gbé mi wọ ilé wọn níyàwó, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, èmi ni mo sì máa ń di irun rẹ̀ ní alaalẹ́ Sunday. Ṣùgbọ́n ó ti wà nínú ilé kí n tó dé ibẹ̀, nítorí náà ọkọ mi ni. N kì í pe orúkọ rẹ̀. Bí mo bá fẹ́ gbé oúnjẹ fún un, ọwọ́ méjèèjì ni, orúnkún mi á sì tẹ̀ díẹ̀. Ó ti di ẹni ńlá ní báńkì kan ní Airport Road báyìí, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ń dìde fún un, síbẹ̀ bó bá dé ilé wa, inú ìkòkò mi ló máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Mò ń fi ẹ bá a sọ̀rọ̀ nítorí pé ọkọ mi ni, òun náà ń fi ẹ bá mi sọ̀rọ̀ nítorí pé mo dàgbà jù ú lọ. Àwa méjèèjì kò gbà fún ara wa.

"Rìn lọ síbo?" mo bi í.

"Ìrìn kánkán. Ọjọ́ eré."

Ẹsẹ̀ mi dúró lórí ẹ̀rọ.

Àwa obìnrin tí a ti ilẹ̀ Yorùbá wá tẹ̀dó sí Benin ní ẹgbẹ́ kan. Mùsùlùmí wà níbẹ̀, Kristẹni wà níbẹ̀: olùkọ́, oníṣòwò, òṣìṣẹ́ ìjọba, aránṣọ bíi tèmi. Lọ́dọọdún, nígbà tí òjò bá ti dáwọ́ dúró tí oòrùn sì ti padà dé, a máa ń ṣe ọjọ́ eré ní pápá ilé ẹ̀kọ́ kan ní Uwasota. Àwọn ọmọdé á sáré, àwọn ọ̀dọ́ á fa okùn, àwa àgbà á sì ṣe ìrìn kánkán yí pápá náà ká lẹ́ẹ̀mẹta. Òfin rẹ̀ kò pọ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sáré. Ẹni méjì ni ilé kọ̀ọ̀kan ń mú wá, ìgbà tí ẹni ẹ̀yìn nínú àwọn méjèèjì bá sì dé ni wọ́n tó máa ka ilé náà sí ẹni tó dé. Bí ẹni kan bá yára bí ẹtu, tí èkejì ń wọ́ ẹsẹ̀, asán ni.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni òun àti ọkọ mi kékeré jọ máa ń rìn tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti kó lọ sí Ìbàdàn. Èmi ní tèmi, báàgì ni mo máa ń ṣọ́.

Kò sí ẹni tó yàn mí sí i. Lọ́dún àkọ́kọ́, ẹnì kan ní kí n bá òun mú báàgì òun dání. Ẹlòmíràn gbé tirẹ̀ lé e. Nígbà tó di ọdún kejì, wọn kò bi mí mọ́, wọ́n kàn ń gbé e wá ni. Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣófo láàárín àwùjọ. Mo máa ń tẹ́ ẹní sábẹ́ igi máńgòrò, màá to báàgì sí ìlà kan, bàtà sí ìlà kejì, ìgò ojú àti fóònù sórí aṣọ ìnujú kan. Mo wá mọ báàgì wọn bí ẹni mọ ọmọ àdúgbò. Èyí tó ń rùn bí róòbù ni ti Ìyá Ẹgbẹ́ wa. Èyí tí síìpù rẹ̀ ti bàjẹ́ ni ti olùkọ́ ìṣirò, mo ti sọ fún un títí pé kó gbé e wá kí n bá a pààrọ̀ rẹ̀. Láti abẹ́ igi yẹn, ẹ̀yìn àwọn ènìyàn ni mo ti ń wo ìrìn kánkán lọ́dọọdún. N kò rí ẹni tó kọ́kọ́ dé rí. Ariwo ni mo fi ń mọ̀.

Bẹ́ẹ̀ sì ni mo ti sáré rí. Ní sẹ́kọ́ńdìrì, mo wà nínú ẹgbẹ́ eré tó ń wọ aṣọ àwọ̀ ewé, mo sì gba ipò kẹta lọ́jọ́ kan níwájú gbogbo ilé ẹ̀kọ́. Mo ṣì rántí bí afẹ́fẹ́ ṣe gba etí mi kọjá. N kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni nínú ilé ọkọ mi.

"Ta ló máa ṣọ́ báàgì?" Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi nìyẹn.

Ọkọ mi kékeré wò mí títí. "Ṣé báàgì lẹ́sẹ̀ ni?"

Mo parí síìpù náà kí n tó dá a lóhùn. Mo ní mo gbà. Ìgbà tó lọ tán ni mo tó rí i pé mo ti rán síìpù náà sódì.

Ìdánrawò wa àkọ́kọ́ bọ́ sí ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan. Pápá yẹn ní gọ́tà kan ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí omi kì í gbẹ nínú rẹ̀, koríko sì ga níbẹ̀. Tí oòrùn bá ti fẹ́ rọlẹ̀, ẹ̀fọn á tú jáde bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n lu aago fún. Ara mi kì í gba ẹ̀fọn. Bó bá jẹ mí lẹ́ẹ̀kan, ibẹ̀ á wú bí ẹ̀pà, màá sì máa họ ọ́ títí di ọjọ́ kejì. Nítorí náà, mo ti lọ ra ìpara tó ń lé ẹ̀fọn ní ṣọ́ọ̀bù olóògùn tó wà ní òpópónà wa.

N kò fi ìpara náà ṣeré. Mo fi para láti ọrùn dé ọmọ ìka ẹsẹ̀, níwájú àti lẹ́yìn, títí kan ikùn. Mo wá rántí ìyá mi. Ìyá mi kì í jẹ́ kí ohunkóhun tó dára gbẹ dànù lára ọmọ. Bó bá fi oògùn para wa tán, òrí ló máa ń fi bò ó mọ́lẹ̀. Mo bu òrí, mo yọ́ ọ láàárín àtẹ́lẹwọ́, mo fi bo ìpara náà mọ́lẹ̀ kí agbára rẹ̀ má baà lọ. Lórí òrí, mo wọ ẹ̀wù alápá gígùn tó nípọn àti ṣòkòtò tó fún mọ́ ẹsẹ̀. Mo wọ ìbọ̀sẹ̀, mo fa ẹnu rẹ̀ sórí ṣòkòtò. Mo wé gèlè kékeré bo etí. N kò fẹ́ kí ẹ̀fọn kankan rí ojú ọ̀nà.

Ọmọbìnrin mi tó wà ní yunifásítì bá mi ní pálọ̀. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n kì í fi dáhùn. Ó ní, "Mummy, you dey shine like dodo o."

Mo ní kó kúrò lọ́nà mi.

A bẹ̀rẹ̀ ìrìn. Ìyípo àkọ́kọ́ dára. Ẹ̀fọn ń ké létí mi, wọn kò bà. Inú mi dùn, mo ń ju apá bí ọmọ ogun. Nígbà tí a fẹ́ parí ìyípo kejì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ooru tó ń ti inú mi jáde tí kò rí ibi gbà. Òógùn ń ṣàn lábẹ́ ẹ̀wù mi bí òjò lórí ọ̀rá, ó ń yọ̀ lọ sílẹ̀, kò gbẹ, kò tu mí lára. Ẹ ti rí ẹ̀kọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n sínú ewé rí? Ìta rẹ̀ ti dákẹ́, inú rẹ̀ ṣì ń jó. Bí mo ṣe rí nìyẹn. Etí mi ń hó. Orí ń yí mi. Mo rọra jókòó sórí koríko bí ẹni pé mo mọ̀ọ́mọ̀ jókòó ni.

Ọkọ mi kékeré pariwo. Wọ́n tú gèlè mi, wọ́n ká apá ẹ̀wù mi sókè, ẹnì kan fi páálí fẹ́ mi, ẹnì kan da omi sí mi lẹ́sẹ̀. Ojú mi là padà láìpẹ́. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni bàtà Ìyá Ẹgbẹ́.

Ìyá Ẹgbẹ́ ti ṣiṣẹ́ ìjọba fẹ̀yìn tì. Obìnrin gíga ni, fèrè sì máa ń wà lọ́rùn rẹ̀ lásìkò eré. Ọdún tó kọjá, obìnrin kan dákú ní ọjọ́ eré gan-an, ẹ̀rù ọjọ́ náà kò sì tíì tán lára rẹ̀.

"Eré la pè yín wá ṣe," ó ní, "a ò pe ọkọ̀ ọsibítù. Ìyá Aránṣọ, ẹ̀ẹ̀kan nìyí. Tí ẹ bá tún jókòó ní Sátidé tó ń bọ̀, ẹ lọ jókòó dáadáa lábẹ́ igi, kí ẹ máa ṣọ́ báàgì yín."

Báàgì mi. Bí ẹni pé èmi ni mo ni wọ́n.

Nílé, ọkọ mi gan-an gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́nu àbúrò rẹ̀, ẹni tó fi tirẹ̀ kún un. Ó wá bá mi lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Ṣé wọ́n fi ipá mú ẹ ni?"

"Rárá."

"Ṣé o fẹ́ ẹ?"

Ó pẹ́ tí ẹnì kan ti bi mí ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, ó sì pẹ́ tí mo ti dáhùn rẹ̀. Mo ní, "Mo fẹ́ ẹ."

Ó ní kò burú, ó sì lọ bu omi tútù wá fún mi.

Ọkọ mi kékeré ní tirẹ̀ ti dá ẹjọ́. Ìpara ló jẹ̀bi. Ó ní ìpara náà ló dí gbogbo ihò ara mi pa, kí n má fojú kàn án mọ́. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ Mọ́ńdè, a jáde láti rìn ní òpópónà wa ní Uwasota láìfi ohunkóhun para. Mo wọ ẹ̀wù àìlápá. Ooru kò mú mi, mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n a kò tíì dé ibi ṣọ́ọ̀ṣì kejì tí ẹ̀fọn fi dé. Mo gbá apá, mo gbá itan, mo gbá ọrùn. Mo ń rìn, mo ń fò, mo ń yí. Ọkọ mi kékeré, tó rán mi níṣẹ́ yìí, ń gbá ara rẹ̀ lójú.

Obìnrin ará Edo kan tó ń dín àkàrà lẹ́bàá ọ̀nà gbé ṣíbí rẹ̀ sókè, ó kí wa lédè rẹ̀. "Kóyo, Mama! Which kain dance be dis one?"

"Na mosquito dey teach us!" ọkọ mi kékeré dá a lóhùn.

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí àkàrà rẹ̀ kan fi jó. A padà sílé láìparí ìrìn wa. Ara mi wú káàkiri bí ẹni tí wọ́n fi ẹ̀wà lẹ̀ mọ́ lára. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé abẹ́ igi yẹn náà ní afẹ́fẹ́, àti pé báàgì kò burú. Mo rò ó tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń to ẹní àti aṣọ ìnujú náà jọ lọ́kàn mi.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó lọ sí Iyaro, mo gbé ìpara náà padà lọ bá olóògùn. Obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ ni. Kò gbọ́ Yorùbá, nítorí náà a jọ fi gẹ̀ẹ́sì àti pijin yanjú rẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un pé ìpara tí ó tà fún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ sè mí jinná.

Ó bi mí ibi tí mo fi para.

Mo ní gbogbo ara.

Ó bi mí bóyá mo fi nǹkan mìíràn lé e.

Mo ní òrí.

Ó bi mí irú aṣọ tí mo wọ̀. Bí mo ṣe ń ka aṣọ náà fún un láti orí dé ẹsẹ̀, ojú rẹ̀ ń yí padà. Nígbà tí mo dé orí ìbọ̀sẹ̀, ó gbé orí lé tábìlì. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹ̀rín ló ń rín. Èmi náà gbọ́ ọ̀rọ̀ ara mi bí ẹlòmíràn á ṣe gbọ́ ọ, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í rín tèmi. Ẹnì kan wọlé wá ra oògùn orí fífọ́, ó wo àwa méjèèjì, ó sì jáde lọ.

Nígbà tí ẹ̀rín rẹ̀ rọlẹ̀, ó ṣàlàyé fún mi. Ó ní ìpara náà kò lẹ́bi púpọ̀. Òógùn nìkan kọ́ ló ń tu ara. Ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá rí òógùn náà gbẹ lára ni ooru tó máa bá a lọ. Èmi ti fi òrí dí i lọ́nà, mo sì tún fi aṣọ tó nípọn ti ilẹ̀kùn. Ó ní kí n fi ìpara pa ibi tó ṣí sílẹ̀ nìkan, kí ó fẹ́lẹ́, kí n má fi sábẹ́ aṣọ, kí n má sì fi òróró kankan lé e. Kí n wọ aṣọ tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá. Kí n mu omi kí òǹgbẹ tó gbẹ mí, bí ara bá sì gbóná, kí n da omi sí i kí afẹ́fẹ́ rí nǹkan gbẹ. Bí orí bá sì ń yí mi, kí n dúró, kí n má ṣe agídí.

Ó wá yí ìpara náà padà, ó fi ìka tọ́ka sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ibi tí ó ṣí sílẹ̀ nìkan. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Èmi tí mo máa ń ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ kí n tó ṣí i.

Ní ọjọ́ yẹn ní ṣọ́ọ̀bù, mo mú aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó ṣẹ́kù lára iṣẹ́ oníbàárà, mo gé ẹ̀wù gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan fún ara mi, apá rẹ̀ dé ìgúnpá. N kò rán aṣọ fún ara mi láàárín ọjọ́ iṣẹ́ rí. Mo fẹ́ rán irú rẹ̀ fún ọkọ mi kékeré, ó kọ̀. Ó ní òun ti ra èyí tí òun máa wọ̀, aṣọ eré gidi, èyí tó ń dán, tó sì máa ń fà mọ́ ara.

Nígbà tí Sátidé dé, Ìyá Ẹgbẹ́ kò yọ ojú kúrò lára mi. Gbogbo ìgbà tí mo bá kọjá níwájú rẹ̀, ó ń wò mí bí ẹni tó ń wo iṣu lọ́jà bóyá ó ti rà. Mo ti fi ìpara díẹ̀ pa apá, ọrùn àti ọrùn ẹsẹ̀. Mo ti ki aṣọ ìnujú kan bọ omi, mo fi kọ́ ọrùn. Ẹ̀fọn ń fò lókèèrè. Òógùn bọ́, afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, ara mi sì tutù bí ìkòkò amọ̀. Mo parí ìyípo kẹta, mo lọ dúró níwájú Ìyá Ẹgbẹ́. Mo mọ̀ọ́mọ̀ dúró ni. N kò jókòó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wù mí.

"Hùn-ún," Ìyá Ẹgbẹ́ wí. Ó fọn fèrè lórí ẹlòmíràn.

Ìyẹn ni ọ̀nà tó fi sọ fún mi pé mo ti wọlé.

Ọjọ́ eré dé pẹ̀lú oòrùn tí kò ní ìtìjú. Ọ̀sán la ṣe ìrìn kánkán, nítorí àwọn ọmọdé ti fi eré tiwọn jẹ àárọ̀ tán. Erùpẹ̀ pupa pápá náà gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbọ́ ọ gba inú bàtà. Ọkọ mi wà lábẹ́ kánópì pẹ̀lú àwọn ọmọ wa. Lábẹ́ igi máńgòrò, ẹní wà níbẹ̀, báàgì pọ̀ lórí rẹ̀, wọ́n dà rẹpẹtẹ síra wọn, kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Olùkọ́ ìṣirò wá gbé báàgì rẹ̀ fún mi bó ṣe máa ń ṣe. Ó rí bàtà ẹsẹ̀ mi. Ó dúró.

"Ẹ̀yin náà?"

"Èmi náà."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì lọ ju báàgì rẹ̀ sórí ẹní.

Ilé mẹ́fà la jáde. Ìyá Ẹgbẹ́ fọn fèrè. Ọkọ mi kékeré ti wọ aṣọ rẹ̀ tó ń dán. Nígbà tí mo sún mọ́ ọn, mo rí i pé kì í ṣe aṣọ rẹ̀ nìkan ló ń dán. Ó ti fi òróró para láti ojú dé apá, nítorí fọ́tò.

"Ọkọ mi," mo ní, "ṣé n kò sọ fún yín?"

"Ìyàwó wa, ẹ rìn. Bí mo bá máa kú, kí n kú pẹ̀lú ẹwà."

A rìn. Ìyípo àkọ́kọ́, a wà ní ipò kẹta. Afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gba etí mi kọjá, èyí tí mo mọ̀ tẹ́lẹ̀ yẹn gan-an. Ní ìyípo kejì, a kọjá olùkọ́ ìṣirò àti àbúrò rẹ̀, a sì bọ́ sí ipò kejì. Mo gbọ́ tí ọmọbìnrin mi ń pariwo, "Mummy! Mummy, carry go!" N kò mọ̀ pé irú ohùn bẹ́ẹ̀ wà lọ́fun rẹ̀ fún mi.

Tábìlì omi wà ní igun pápá. Omi inú ọ̀rá ni wọ́n tò sórí rẹ̀, tútù. Mo dé ibẹ̀ ní ìṣísẹ̀ kan ṣáájú ọkọ mi kékeré. Mo mú ọ̀kan. N kò ronú rárá. Mo fi eyín gé etí rẹ̀, mo yí padà, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, orúnkún mi sì kan ilẹ̀.

"Ọkọ mi, ẹ gba omi."

Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Ẹgbẹ́ gbàgbé fèrè sẹ́nu, ẹ̀rín rẹ̀ ń gba inú fèrè náà jáde. Olùkọ́ ìṣirò àti àbúrò rẹ̀ kọjá wa, wọ́n ń rẹ́rìn-ín lọ.

"Ìyàwó wa!" ọkọ mi kékeré ké. "Ilé ìyá mi kọ́ nìyí! Ẹ dìde!"

Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò dún bó ṣe máa ń dún. Mo gbé ojú sókè láti orí ìkúnlẹ̀ mi, mo wò ó dáadáa. Bí kì í bá ṣe pé mo kúnlẹ̀ ni, n kì bá tí rí i. Òógùn dúró lórí òróró ojú rẹ̀ bí omi lórí ewé kókò. Ètè rẹ̀ ti funfun. Ojú rẹ̀ ń wá ibi tó máa gbé ara lé. Mo mọ ìwò yẹn. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú, èmi ni mo wà nínú rẹ̀.

"Orí ń yí yín," mo ní.

"Kò yí mi. Wọ́n ti ń lọ. Ẹ jẹ́ ká lọ."

"Ẹ dúró."

N kò tíì sọ fún ọkọ mi kékeré pé kó dúró láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé wọn. Ó dúró. Mo mú un lọ sábẹ́ òjìji kánópì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. Mo da omi tí mo gbé lọ́wọ́ sí i lórí. Mo mú òmíràn, mo dà á sí ọrùn àti apá rẹ̀, mo fi etí ẹ̀wù mi nu òróró ojú rẹ̀ kúrò. Mo fa síìpù aṣọ dídán náà sílẹ̀ títí dé àyà kí afẹ́fẹ́ wọlé. Ó ní fọ́tò òun ti bàjẹ́. Mo fún un ní omi mu. Mo tú aṣọ ìnujú tútù tó wà lọ́rùn mi, mo fi kọ́ tirẹ̀. Ilé kan tún kọjá wa. Méjì mìíràn tún kọjá.

Ìyá Ẹgbẹ́ ti sáré dé. "Ẹ jẹ́ kó jókòó! Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀!"

Mo bi ọkọ mi kékeré pé ìka mélòó ni mo nà sókè. Ó ní òun kò bá aránṣọ ka ìka. Ètè rẹ̀ ti ń pupa padà. A dúró díẹ̀ sí i, mo tún da omi kan sí i, mo tún wo ojú rẹ̀. Ó ti ń wò mí gan-an báyìí, kò wo ibòmíràn.

"A lè lọ," mo sọ fún Ìyá Ẹgbẹ́. "Ní pẹ̀lẹ́."

Ìyá Ẹgbẹ́ wò mí bó ṣe wò mí ní Sátidé. Ó yà lọ́nà.

A rìn ìyípo tó kù bí ẹni ń rìn lọ kí ènìyàn. Mo gbé omi kan lọ́wọ́ ọ̀tún, òmíràn lọ́wọ́ òsì, mo ń wọ́n ọn sí òun, mo ń wọ́n ọn sí ara mi. Aṣọ òwú mi lẹ̀ mọ́ mi lára, afẹ́fẹ́ ń gbá a, ó dùn bí ọwọ́ ìyá ẹni. Ilé márùn-ún ti dé. Àwa ló ṣẹ́kù lórí pápá, gbogbo ènìyàn sì dìde dúró, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ sí ìṣísẹ̀ wa. Ọkọ mi jáde láti abẹ́ kánópì rẹ̀, ó ń bá wa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, ó ń pè wá lóríkì, èmi àti àbúrò rẹ̀. Oríkì mi, mo rò pé ó ti gbàgbé rẹ̀.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí a dé, ọkọ mi kékeré di ọwọ́ mi mú. A jọ gbé ẹsẹ̀ kọjá ìlà. Ẹni ìkẹfà nínú ilé mẹ́fà. Ìyá Ẹgbẹ́ fọn fèrè fún wa gùn ju bó ṣe fọn ọ́n fún àwọn tó gba ipò kìíní.

Ọmọbìnrin mi gbé àga wá, ọkọ mi sì gbé omi wá nínú báàfù. Ọkọ mi kékeré ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, irun rẹ̀ ti dà sójú, òróró rẹ̀ ti tán, ó sì dára jù bó ṣe dára láàárọ̀ lọ. Wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò jà.

Mo mu omi. Mo mí. Mo gbójú wo ọ̀dọ̀ igi máńgòrò. Àwọn obìnrin ti ń ṣùjọ láti máa lọ sílé, báàgì sì wà nílẹ̀ níbẹ̀ bí wọ́n ṣe jù wọ́n sí, ti olùkọ́ ìṣirò ti ṣí lẹ́nu, ohun inú rẹ̀ ń yọ jáde. Ẹsẹ̀ mi gbé mi lọ síbẹ̀. Mo ti bẹ̀rẹ̀, mo ti gbé mẹ́ta kọ́ apá, mo ń fi ojú wá Ìyá Ẹgbẹ́ kí n gbé èyí tó ń rùn bí róòbù fún un, nígbà tí mo gbọ́ ohùn ọkọ mi kékeré láti orí àga rẹ̀, tó le bí ti tẹ́lẹ̀.

"Ẹ gbé e sílẹ̀ níbẹ̀, ìyàwó wa. Ẹni tó ni báàgì á wá mú báàgì rẹ̀."